Ta Ló Gbé Wọn Gun Òkè Ìdáàṣà?

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Ìdáàṣà tí òmíràn sì tẹ̀ lé e, omi á dúró sínú àwọn kòtò orí àpáta. Odò kankan kò ṣàn dé ibẹ̀. Ìsun kankan kò sun láti ìsàlẹ̀ wá, nítorí òkúta líle ni láti òkè délẹ̀. Omi òjò nìkan ni, ó sì mọ́ débi pé a lè rí iyanrìn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kedere. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ wá bu díẹ̀ sínú àwo funfun, kí ẹ gbé e sínú oòrùn, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ọn. Nǹkan ń rìn níbẹ̀. Òmíràn á ta sókè, á rọra rì padà, á tún ta sókè. Òmíràn ń yí bìrìbìrì lórí erùpẹ̀ ìsàlẹ̀. Òmíràn á sáré fìrì láti ẹ̀gbẹ́ kan, á dúró, á tún sáré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gùn tó mìlímítà méjì. Ẹbí edé àti akàn ni wọ́n: wọ́n ní èèpo lára, ẹsẹ̀ wọn ní oríkèé, inú omi ni wọ́n sì ń gbé títí ikú.

Wọn kò ní ìyẹ́. Wọn kò lè rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí a bá kó wọn sórí àpáta tí oòrùn ń pa, kò ní pẹ́ rárá tí wọ́n á fi kú. Ta ló wá gbé wọn gun òkè? Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè yìí ti wà lọ́kàn mi. N kò kà á sí ìbéèrè ọmọdé, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ìyá ìyá mi.

Ìdáàṣà ni wọ́n ti bí i, ìlú tí ìwé ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Dassa-Zoumè, ní ẹkùn Collines. Òkè mọ́kànlélógójì ni àwọn èèyàn máa ń kà fún ìlú náà. Ìtàn ìdílé ọba ibẹ̀, àwọn Ọmọ Jagun, sọ pé láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Jagun Ọlọ́fin ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ń kó èèyàn lẹ́rú, orí àwọn òkè yìí ni àwọn ará ìlú ń sá gùn. Ẹni tí ogun ká mọ́ orí àpáta kò sì lè fojú di omi inú kòtò. Omi kì í rọrùn ní ẹkùn yẹn. Òkúta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹni tó ń gbẹ́ kànga lè gbẹ́ ẹ títí kó má bá nǹkan. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ìran, omi tó dúró sójú ilẹ̀ ni àwọn èèyàn ń mu: omi kòtò, omi àbàtà, omi ọ̀gọ̀dọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí n sọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ibẹ̀ ni wọ́n wà látọdúnmọ́dún. Erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń ṣẹ́ kù sínú kòtò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kọjá láìbìkítà, ẹyin wọn ló kún inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó ń ta sókè, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Daphnia. Nígbà tí omi bá pọ̀ tí oúnjẹ sì wà, abo rẹ̀ kì í wá akọ. Òun nìkan á máa bí ọmọ, abo ni gbogbo ọmọ náà, àwọn náà á sì máa bí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí omi bá ń fà, tí ebi dé, tí wọ́n sì há mọ́ra, ni wọ́n tó ń bí akọ. Lẹ́yìn tí akọ àti abo bá jọ pọ̀, abo á kó ẹyin sínú àpò dúdú kan tó le, tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyin méjì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bó bá ń bọ́ èèpo ara rẹ̀ sílẹ̀, àpò náà á bá a lọ. Ẹyin inú rẹ̀ kò ní pa lójú ẹsẹ̀. Á gbẹ, á dákẹ́. Ooru oṣù kejì, tí àtẹ́lẹsẹ̀ kò lè gbà lórí àpáta, kò ní pa á lára. Àwọn ostracod, tí wọ́n ní ìkarahun méjì tí wọ́n ń pa dé mọ́ra, náà ní ẹyin tí í gbẹ tí kì í kú. Cyclops, èyí tó ń sáré fìrì, ní tirẹ̀ kì í fi ẹyin gbẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tí kò tíì dàgbà tán ló ń wọ inú ẹrẹ̀ lọ, tí í dá gbogbo iṣẹ́ ara dúró títí omi yóò fi padà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹyin inú erùpẹ̀ náà ló ń pa nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀. Bí àgbẹ̀ tó ti rí ọ̀dá rí kì í ṣe gbin gbogbo irúgbìn inú àká lọ́dún kan, apá kan nínú ẹyin náà á dúró de òjò mìíràn, apá kan á dúró de ọdún mìíràn. Bí òjò bá tan ni jẹ, tó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì dá, àwọn tó ti pa á kú, àwọn tó dúró á ṣẹ́ kù. Ìdúró yìí lè pẹ́ kọjá ohun tí ọkàn lè gbà. Ní ọdún 1995, Nelson Hairston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ẹyin ìbátan Cyclops kan tí wọ́n wà jáde nínú ẹrẹ̀ adágún ní Rhode Island, ní Amẹ́ríkà. Ẹyin tó ti lé ní 300 ọdún ṣì wà láàyè. Ní ọdún 2014, Dagmar Frisch àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sọ pé àwọn mú kí ẹyin Daphnia pa láti inú ẹrẹ̀ adágún kan ní Minnesota, ẹyin tó ti tó nǹkan bí 700 ọdún. Kí òyìnbó kankan tó fi ọkọ̀ ojú omi kan etíkun Bẹ̀nẹ̀, ẹyin yẹn ti wà nínú ẹrẹ̀.

Kì í ṣe ẹbí edé nìkan ló gbọ́n bẹ́ẹ̀. Nínú kòtò orí àpáta ní àríwá Nàìjíríà, ìdin kòkòrò kan tó jọ ẹ̀fọn wà, Polypedilum vanderplanki, tó ń gbẹ pátápátá tí í sì jí nígbà tí omi bá kàn án. Howard Hinton, tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, gbé ìdin gbígbẹ náà sínú ooru tó ju ti omi híhó lọ fún ìṣẹ́jú kan, ó sì jí lẹ́yìn rẹ̀. Orí àpáta tiwa nìyẹn. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lóye ọ̀rọ̀ ìdúró yìí, mo rò pé mo ti rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ìdúró kò tíì sọ bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe dé. Ohun tí gbígbẹ ṣe fún wọn ni pé ó sọ wọ́n di ẹrù. Ẹ̀dá tí kò lè kúrò nínú omi fúnra rẹ̀ wá di eruku, ohun gbogbo tó ń kọjá sì lè gbé e.

Ọyẹ́ ń gbé e. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ láti àríwá, a máa ń bínú sí eruku tó ń bo àga àti aṣọ, a kì í ro ohun tó wà nínú rẹ̀. Bram Vanschoenwinkel àti Luc Brendonck, àwọn onímọ̀ láti Bẹ́ljíọ̀mù, so àpò aṣọ sókè lórí àpáta Korannaberg ní Gúúsù Áfíríkà, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sínú rẹ̀. Ẹyin gbígbẹ àwọn ẹ̀dá inú kòtò bọ́ sínú àpò náà. Ọ̀pọ̀ kì í lọ jìnnà, láti kòtò kan sí èkejì tó wà nítòsí ni, ṣùgbọ́n lemọ́lemọ́ ni. Omi òjò tó kún kòtò òkè ń ṣàn sínú ti ìsàlẹ̀, ó ń kó ẹyin àti alààyè lọ pẹ̀lú. Ẹyẹ ń gbé e, lẹ́sẹ̀, ní ìyẹ́, àní nínú ikùn, nítorí ẹyin mìíràn wà tó ń gba inú ẹyẹ kọjá tí kò ní kú. Ní Bràsíìlì, wọ́n rí ostracod tó rọ̀ mọ́ awọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ọ̀pọ̀lọ́ sì gbé e dé omi mìíràn. Ní Sìmbábúwè, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù yẹn kan náà gé ẹrẹ̀ gbígbẹ kúrò lára igi tí ìmàdò àti erin máa ń fara ha lẹ́yìn tí wọ́n bá yí nínú àbàtà, wọ́n rọ omi sí i, ẹyin inú rẹ̀ sì pa.

Erin ti ṣọ̀wọ́n ní Ìdáàṣà. Ṣùgbọ́n màlúù àwọn Fúlàní ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́dọọdún, wọ́n ń wọ odò àti ọ̀gọ̀dọ̀, ẹrẹ̀ ń gbẹ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, lékeléke sì ń tẹ̀ lé wọn. Ewúrẹ́ ń gun àpáta lọ mumi. Mo ti jókòó wo wọn títí, mo sì gbà pé bí a bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí omi kan gbà bá èkejì tan, ẹsẹ̀ ẹran ni kí a kọ́kọ́ wò.

Wọ́n ti fi ẹrẹ̀ gbígbẹ kọjá òkun pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1880, Carl Lumholtz ará Nọ́wè wà ní Queensland ní Ọsirélíà, ó sì fi ẹrẹ̀ adágún tó ti gbẹ ránṣẹ́ sílé sí Georg Ossian Sars. Sars da omi sí i ní ìlú tí à ń pè ní Oslo lónìí. Daphnia tí kò sẹ́ni tó tíì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé rí pa jáde níwájú rẹ̀. Ní ọdún 1885, ó sọ ọ́ ní Daphnia lumholtzi. Ẹ̀dá yìí wà nínú omi ilẹ̀ Áfíríkà náà, ó ní ẹ̀gún gígùn lórí àti nídìí tí kì í jẹ́ kí ẹja kéékèèké lè gbé e mì. Ní ọdún 1991, wọ́n rí i ní Texas. Àwọn onímọ̀ fura pé ẹja tí wọ́n kó láti Áfíríkà lọ sínú omi ibẹ̀ ló mú un dání. Láti ibẹ̀ ó ti dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó pinnu láti gbé e. Ẹja ni wọ́n rò pé àwọn ń gbé.

Ẹyọ kan ló tó. Daphnia kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú omi tuntun lè bí ọmọ láìsí akọ. Abo Cyclops tó bá ti pàdé akọ lẹ́ẹ̀kan máa ń tọ́jú àtọ̀ náà sára, ó sì lè máa fi yé ẹyin ní ìgbà púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tí mo máa ń rò gan-an. Luc De Meester àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ní ọdún 2002 pé àwọn tó bá kọ́kọ́ dé omi kan á pọ̀ sí i kíákíá, omi náà á mọ́ wọn lára, wọn á sì fi ẹyin kún erùpẹ̀ rẹ̀ débi pé ẹni tó dé lẹ́yìn kò ní rí ààyè. Ìdí nìyẹn tí adágún méjì tó sún mọ́ra fi lè ní ìran Daphnia tó yàtọ̀ síra gidigidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyẹ ń fò láàárín wọn lójoojúmọ́. Dídé rọrùn. Dídi onílé ló le.

Mo ti sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kan ẹsẹ̀ ìyá ìyá mi. Ó ní àpá kan lókè kókósẹ̀ òsì, ó ní òmíràn lẹ́yìn orúnkún. Sòbìà ló fi wọ́n síbẹ̀. Ó sọ fún mi pé ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú ló máa ń jáde, tí í dá èèyàn dùbúlẹ̀ títí dé àsìkò tó yẹ kí wọ́n máa kọ ebè. Ìléròrò á kọ́kọ́ yọ, á máa jó èèyàn bí iná. Bó bá bẹ́, orí aràn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ síta. Wọn á wé e mọ́ igi kékeré, wọn á máa fà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí bó bá já sínú ara, ìyà mìíràn dé nìyẹn. Ó lè gùn tó mítà kan. Ìyá àgbà gbà pé kò sẹ́ni tí sòbìà kò sí nínú ara rẹ̀, pé kálukú ni tirẹ̀ ń dákẹ́ títí ohun kan yóò fi rú u sókè. Kì í ṣe òun nìkan. Ní Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, William Brieger àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn bá ìgbàgbọ́ kan náà lẹ́nu àwọn èèyàn ní àwọn ọdún 1980.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ yẹn, nítorí ó bá ohun tí ojú ń rí mu. Nǹkan bí ọdún kan ló ń wà láàárín ìgbà tí èèyàn mu omi àti ìgbà tí aràn yọ. Ta ló lè rántí omi tó mu ní èṣí? Aleksei Fedchenko, ará Rọ́ṣíà, ló kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1870 pé inú Cyclops ni ọmọ aràn náà ń wọ̀. Robert Leiper, tí wọ́n rán lọ sí Gold Coast ní ọdún 1905, fi hàn pé omi kíkan inú ikùn ló ń pa Cyclops náà, tí ọmọ aràn fi ń bọ́ sílẹ̀ sínú ara ẹni tó mu ún. Bí abo aràn bá gbó tán, á sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, á jó ẹsẹ̀ náà títí onísòbìà yóò fi lọ tì í bọ omi kó lè tù ú. Ibẹ̀ gan-an ni aràn ti ń tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sílẹ̀. Cyclops á gbé wọn mì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ọ̀gọ̀dọ̀ bá ṣe ń fà, ni Cyclops ṣe ń pọ̀ sí i nínú omi díẹ̀ tó kù, gbogbo ìlú á sì wá bu omi níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn yìí. Cyclops ní ọ̀nà púpọ̀ láti dé omi tuntun: ẹrẹ̀, ẹyẹ, màlúù, ìṣàn omi, igbá. Ẹsẹ̀ wa ni aràn náà gbára lé jù láti ti ọ̀gọ̀dọ̀ kan dé òmíràn. Ọkùnrin tó mu omi ní abúlé kan lè lọ ṣe àgbàro ní ìlú mìíràn, kí aràn yọ níbẹ̀ lọ́dún kejì, kí ó sì ti ẹsẹ̀ bọ omi àwọn tó gbà á lálejò. Ní ọdún 1986, wọ́n fojú bù ú pé mílíọ̀nù 3.5 èèyàn ni sòbìà ń mú lọ́dún káàkiri Áfíríkà àti Éṣíà. Ní Nàìjíríà nìkan, àkọsílẹ̀ ọdún 1988 lé ní 650,000.

Wọn kò rí oògùn fún un, wọn kò sì rí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Aṣọ ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Aṣọ tí ojú rẹ̀ há tó láti dá Cyclops dúró, tí wọ́n nà bo ẹnu àmù kí wọ́n tó da omi sí i. Wọ́n gbẹ́ kànga àti ẹ̀rọ omi níbi tí òkúta bá gbà. Wọ́n fi oògùn díẹ̀ pa Cyclops nínú ọ̀gọ̀dọ̀ kan. Wọ́n bẹ onísòbìà kó má ṣe wọ omi. Jimmy Carter àti Carter Center kó owó àti agbára sí i, Ọ̀gágun Yakubu Gowon rìn láti abúlé dé abúlé ní Nàìjíríà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé bí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà, ojú kì í tó àwọn obìnrin tó ń sẹ́ omi láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti àwọn ọ̀dọ́ abúlé tó ń tọ ojúlé dé ojúlé láti wẹ egbò. Ní ọdún 2004 ni wọ́n rí onísòbìà ìkẹyìn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2009 pé àrùn náà ti tán níbẹ̀. Ti Nàìjíríà parí ní ọdún 2008, ìwé ẹ̀rí dé ní 2013. Ní gbogbo ayé, èèyàn 14 péré ni ó mú ní ọdún 2023.

Cyclops ò bá àrùn náà lọ. Ó ṣì wà nínú ọ̀gọ̀dọ̀ wa, kò sì gbé ọmọ sòbìà dání mọ́. N kò lè bá a ṣọ̀tá. Òun gan-an kò jàǹfààní kankan lára aràn náà, ó kàn gbé ohun tó jọ oúnjẹ mì.

Àwa sì ṣì ń gbé wọn kiri. Ní Camargue, ní Faransé, àwọn onímọ̀ gba ẹrẹ̀ lára bàtà òjò àti táyà ọkọ̀ tó ń lọ sí etí omi, wọ́n bá ẹyin ẹbí edé àti ẹ̀dá omi mìíràn nínú rẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún onígbàgbọ́ Kátólíìkì ń wá láti ìlú púpọ̀ sí ihò àpáta Màríà ní Arigbo, ní Ìdáàṣà, nígbà tí òjò ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí mo bá rí bàtà wọn tó kún fún ẹrẹ̀, mo máa ń ro iye adágún tó wá pàdé ara wọn lórí ilẹ̀ kékeré yẹn.

Ohun tó ń kó ìdààmú bá mi nísinsìnyí ni fífọ́ àpáta. Àwọn èèyàn ń fọ́ òkúta tà fún ilé kíkọ́, òòlù ni ọ̀pọ̀ fi ń fọ́ ọ, ìgbẹ́mìíró sì ni. Bí kòtò kan bá lọ, gbogbo ẹyin tó ti kó jọ sínú rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ ló lọ. Mo bi ọkùnrin kan tó ń fọ́ òkúta pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò lè fi èyí tó ní kòtò sílẹ̀?"

Ó ní, "Àbúrò, èyí tó ní kòtò ló ti là. Òun ló rọrùn jù."

N kò rí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn, nítorí ọmọ ló ń bọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gbá erùpẹ̀ inú rẹ̀ kó tó fọ́ ọ, ó sì gbà, ó tiẹ̀ bá mi gbá a. N kò dà á sínú kòtò mìíràn, nítorí omi yẹn ní onílé tirẹ̀. Mo gbé e fún olùkọ́ kan nílùú, ó dà á sínú ìgò, ó bu omi òjò sí i, ó gbé e sójú fèrèsé kíláàsì. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé nǹkan ń fò níbẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ń bi mí bóyá ohun tó wà ní òkè kan náà ló wà ní èkejì. Olùkọ́ wọn ti ní kí ẹni tó bá ń lọ sóko gbá erùpẹ̀ díẹ̀ wá láti inú kòtò gbígbẹ tó bá rí lọ́nà, kí ó kọ orúkọ òkè náà sára ìgò, kí wọ́n má sì da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì.